Bàbá Mi Gbé Àpò ní Ìkòyí, Ṣé Èmi Lè Gbá Gọ́ọ̀fù ní Bronx?

ÌBÉÈRÈ

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Bronx, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí. Ó ti tó oṣù méjì tí àwọn mẹ́ta kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n wá ṣe ẹnì kẹrin wọn ní pápá gọ́ọ̀fù Van Cortlandt. Wọ́n ní pápá ìlú ni, pé kò wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ti mú Sátidé kan ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, aago méje ààbọ̀ àárọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù pọ̀. N kò di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí láyé mi. Ọkọ mi ní eré àwọn alága báńkì ni, pé owó tí mo máa kó síbẹ̀ á tó san owó ilé ìwé ọmọ. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti bàbá mi. Kádì ni wọ́n ní pápá gọ́ọ̀fù Ìkòyí ní Èkó nígbà èwe wọn. Wọ́n gbé àpò fún àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba fún bí ọdún méje, wọn kò sì gbá ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ní pápá náà rí. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí WhatsApp pé wọ́n fẹ́ mú mi lọ gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá inú wọn dùn sí i ni àbí kò dùn sí i.

Mo máa ń borí, n kì í sì í wọ irú síkẹ́ẹ̀tì péńpé tí mò ń rí lára àwọn obìnrin tó ń gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n rà, kí ni kí n wọ̀, kí ni kí n ṣe kí ojú má bàa tì mí?

Ìyá Ìbejì, Bronx


ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ lọ gbá a. Sátidé aago méje ààbọ̀ yẹn nìkan ni n kò fọwọ́ sí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí n kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ tó bá jẹ́ pápá ẹgbẹ́ aládàáni là ń wí, ibi tí èèyàn ti ń san owó ìwọlé kí ó tó máa san owó ọdọọdún. Van Cortlandt kì í ṣe irú rẹ̀. Ìjọba ìlú New York ló ni ín, inú pákì ìlú ló wà. Ọdún 1895 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú ihò mẹ́sàn-án péré, òun sì ni pápá gọ́ọ̀fù ìlú tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 1899 ni ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Tom Bendelow sọ ihò náà di méjìdínlógún. Kò sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ tí ẹ máa kọ, kò sì sí ẹni tó máa bi yín pé ta ló mọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ ó san owó ti ọjọ́ náà, ó tán. Ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 1 ni yóò gbé yín dé ibẹ̀. Ibi tó ń parí ìrìn rẹ̀ sí ní òpópónà 242 ni ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀. Mélòó ni irú eré olówó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ èrò lọ?

Owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Òpin ọ̀sẹ̀ wọ́n ju ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Àárọ̀ wọ́n ju ìrọ̀lẹ́. Àlejò tí kì í gbé New York ń san ju onílé. Kẹ̀kẹ́ onímọ́tò tí wọ́n fi ń káàkiri pápá ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn kò ní san án. Ẹ wá wo Sátidé àárọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ yín mú: àsìkò tó wọ́n jù ni, òun náà sì ni èrò ń ya bò jù lọ, tí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin ń lé ara wọn nídìí láti ihò kan dé èkejì. Kò sí àsìkò tó burú tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò gbá a rí. Iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ ń ṣe tó ti sọ ayé yín dìdàkudà ló wá ṣe yín lóore lórí èyí: Túsìdeè ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ yín lè dilẹ̀. Kí ẹ kàn ti sùn dáadáa kí ẹ tó lọ ni. Ẹ má ti wọ́ọ̀dù lọ sí pápá o.

Bí ó bá sì jẹ́ èmi ni yín, Van Cortlandt kọ́ ni n ó kọ́kọ́ lọ. Ihò kejì rẹ̀ gùn ju 600 yáàdì lọ láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó jìnnà jù, bíi pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tí a tò léra wọn. Ẹni tí kò di ọ̀pá mú rí, tí wọ́n wá ní kí ó la irú ibẹ̀ kọjá, ìyà ló ń jẹ, kì í ṣe eré. Ní apá kejì pákì kan náà ni pápá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Mosholu, ihò mẹ́sàn-án péré, ó sì ní ibi ìdánrawò tí ẹ lè dúró sí kí ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù láìsí pé ẹ ń rìn. (Ilé iṣẹ́ tó ń sẹ́ omi Croton fún àwa ará New York wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, orí òrùlé rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbin koríko ibi ìdánrawò náà sí. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní.) Ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 4 ni ti ibẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Woodlawn, ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ kó àwọn ọ̀rẹ́ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ẹ ti parí ihò mẹ́sàn-án. Ihò méjìdínlógún a máa gbà tó wákàtí márùn-ún ní pápá ìlú tí èrò bá pọ̀, ìrìn rẹ̀ a sì tó kìlómítà mẹ́wàá tàbí kí ó lé.

Ẹ̀rù ìtìjú ló kù. Bàbá yín ni n ó fi dáhùn èyí.

Ẹ ti rò ó pé ohun tí pápá gọ́ọ̀fù ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tuntun ni pé kí ó mọ̀ ọ́n gbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń retí pé kí ẹni tuntun mọ̀ ọ́n gbá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n gbá, tí wọ́n sì ti ń gbá a láti ogún ọdún. Ìwà kádì ni wọ́n ń wò lára èèyàn. Òfin mẹ́ta ni àwọn kádì fi ń kọ́ ara wọn níbi gbogbo láyé: dé lásìkò, má ṣe fà sẹ́yìn, pa ẹnu rẹ mọ́. Bàbá yín fi ọdún méje pa àwọn òfin yẹn mọ́. Ní pápá ìlú níbí kò sí kádì, olúkúlùkù ló ń gbé àpò ara rẹ̀, nítorí náà gbogbo wa ni kádì. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yẹn ló ń dójú ti ara rẹ̀, ì báà gbá bọ́ọ̀lù kó fò bí ẹyẹ àṣá.

Ẹ mú ti dídé lásìkò. Wọ́n á fún yín ní àkókò tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé kì í ṣe aago mẹ́rin tàbí mẹ́rin ààbọ̀, mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni. Méjìlá yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn. Gbogbo ohun tí a ń pè ní àsìkò adúláwọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún òde àríyá. Ẹ ti wà níbẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí ẹ sanwó, kí ẹ lọ sí ilé ìtura, kí ẹ ju ọ̀pá síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí apá yín lè tú.

Ti fífà sẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ gbá a, ní pápá ìlú kan ní Maryland, bọ́ọ̀lù mi àkọ́kọ́ lọ lu igi, ó sì padà kọjá lórí mi lọ sẹ́yìn. Kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí tó bí wọn nínú ni pé ní ihò kẹta mo wọ igbó lọ wá bọ́ọ̀lù dọ́là kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èrò mẹ́jọ sì tò sẹ́yìn wa bí ẹni tó wà lórí ìlà epo. Ẹni tó ń ṣọ́ pápá ló wá bá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ojú sì tì mí gan-an. Láti 2019, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òfin gọ́ọ̀fù gbà kí èèyàn fi wá bọ́ọ̀lù tó sọnù. Fún ẹ̀yin, ẹ wá a fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ sì mú òmíràn. Ẹ má tilẹ̀ wọ igbó rárá. Eégbọn wà níbẹ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì sì mọ ohun tí eégbọn ń kó ran èèyàn ní New York ju èmi lọ.

Ihò kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tí wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó wọ ihò: mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí márùn-ún. Páà ni wọ́n ń pè é. Tí páà ihò kan bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ ti gbá a ní ìgbà mẹ́jọ tí kò sì wọlé, ẹ mú bọ́ọ̀lù yín nílẹ̀, ẹ fi í sínú àpò, kí ẹ máa bá wọn rìn lọ. Kò sí ẹni tó máa bi yín. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti máa súre fún yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi yín sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó jìnnà nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́ dúró. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ iwájú wà fún gbogbo ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í lọ jìnnà, akọ tàbí abo.

Pípa ẹnu mọ́ kò nira: nígbà tí ẹlòmíràn bá ń gbá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má rìn, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń pariwo. Tí bọ́ọ̀lù yín bá dorí kọ ibi tí èèyàn wà, ẹ fi gbogbo agbára ké “fọ́ọ̀!”, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ láti ibòmíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ bo orí. Tí àrá bá ń sán, ẹ kúrò ní pápá. Ọ̀pá irin lẹ gbé lọ́wọ́.

Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ ilé, bíi kí a gbálẹ̀ lẹ́yìn àlejò. Ẹ dá koríko tí ọ̀pá yín hú padà sí àyè rẹ̀ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá bọ́ sí kòtò iyanrìn, ẹ fi réèkì tó wà lẹ́bàá rẹ̀ tún un ṣe kí ẹ tó jáde. Gíríìnì, ibi koríko kúkúrú tí ihò wà, ni kí ẹ rọra tẹ̀ jù. Ẹ má wọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gbé àpò lé e.

Nípa rírà: ẹ má ra nǹkan tuntun kankan lọ́dún yìí. Ọ̀pá mẹ́rìnlá ni òfin gbà kí èèyàn gbé, márùn-ún sì tó yín: ọ̀kan tí a fi ń tì í wọ ihò, ọ̀kan tí a fi ń gbé e jáde nínú iyanrìn, irin nọ́ńbà 9, irin nọ́ńbà 7, àti ọ̀kan tó gùn díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ọ̀pá olórí ràgàjì tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn láti máa jù yẹn, ẹ jẹ́ kó wà ní ilé ìtajà. Òun ló ń sọ bọ́ọ̀lù nù jù. Àwọn pápá ìlú a máa yá èèyàn ní ọ̀pá. Tó bá wá wù yín láti ní tiyín, àwọn ìsọ̀ tó ń ta ohun àlòkù ní wọn dáadáa; ti obìnrin ni kí ẹ béèrè, ó fúyẹ́, ó sì kúrú díẹ̀. Bọ́ọ̀lù àlòkù náà ni kí ẹ rà, méjìlá ó kéré tán, nítorí pé wọ́n máa sọnù. N kò ṣépè.

Aṣọ kò ní wàhálà. Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù ọlọ́wọ́, bàtà kánfáàsì tí kò ní gìgísẹ̀ gíga. Ẹ bo orí yín bí ẹ ṣe máa ń bò ó. Oòrùn oṣù keje á tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn tí kò borí máa jowú yín. Kí ìborí náà kàn má fẹ́ lélẹ̀ bo ojú yín nígbà tí ẹ bá ń yí apá ni. Omi ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ.

Kí ẹ tó lọ gbá ihò mẹ́sàn-án yẹn, ẹ lọ sí ibi ìdánrawò nígbà mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù àádọ́ta ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó, ẹ má gbá igba kí ẹ̀yìn má bàa dùn yín débi tí ẹ kò ní lè gbé aláìsàn lálẹ́. Ẹ wá fi ìyókù àkókò yín sí orí gíríìnì ìdánrawò. Ẹnu ihò náà kò fẹ̀ ju 108 mìlímítà lọ, bí ẹnu ife tí a fi ń mu gàrí, orí gíríìnì sì ni púpọ̀ nínú iye ìgbà tí èèyàn ń gbá bọ́ọ̀lù ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá yín. Lójú tèmi, àwọn kádì ló la ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbé e lé igi tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní tíì. Kì í ṣe tíì tí a fi ń jẹ búrẹ́dì o. Kí igi yẹn tó dé, kádì ló ń bu iyanrìn tútù, tí ó ń fi ọwọ́ mọ ọ́n bí òkìtì kékeré kí ọ̀gá tó gbé bọ́ọ̀lù lé e. Ní 1899, ọdún kan náà tí Van Cortlandt di ihò méjìdínlógún, ni George Grant, oníṣègùn eyín, èèyàn dúdú, ní Boston, gba ìwé àṣẹ lórí tíì onígi tó ṣe. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn èèyàn dúdú tó lè fi í gbá bọ́ọ̀lù fàlàlà. Pápá ìlú pàápàá, tó jẹ́ pé owó orí gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n ti ń lé wọn ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Ìdílé kan tó jẹ́ èèyàn dúdú, àwọn Holmes, ló gbé ìlú Atlanta lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ó sì di November 1955 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó dá wọn láre. Ẹgbẹ́ PGA, ti àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ní tiwọn kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ni àwọn fẹ́. 1961 ni wọ́n tó yọ ọ́. Charlie Sifford, èèyàn dúdú tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé, kádì ni nígbà tó wà ní ọmọdé. Lee Elder náà, kádì ni. Òun ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbá ìdíje Masters, ní 1975.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, ní 1971, Lee Elder wá sí Èkó, ó sì gba ife ìdíje Nigerian Open. Ìkòyí ni wọ́n ti gbá a. Kì í ṣe koríko ni wọ́n ń fi ṣe ibi ihò nílé láyé ìgbà yẹn, iyanrìn tí wọ́n po òróró mọ́ ni, “bíráùn” ni wọ́n ń pè é, kádì ló sì ń fa á kó tẹ́jú kí ẹlòmíràn tó gbá. Pẹ̀lú iye ọdún tí ẹ ní, ó ṣeé ṣe kí bàbá yín ti wà ní pápá náà lọ́dún yẹn. Ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé àpò ta ni wọ́n gbé, àti bóyá wọ́n rí kádì dúdú yẹn tó wá láti Amẹ́ríkà tó sì gba ife. Bóyá ohun tí wọ́n ń rántí ló jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí ẹ bá sì wà lórí gíríìnì ìdánrawò ní Mosholu, níbi tí kò sí ẹni tó ń dúró dè yín lẹ́yìn, ẹ pè wọ́n lórí fídíò. Ẹ dojú fóònù kọ ilẹ̀ kí wọ́n bá yín wo ibi tó tẹ̀ sí, kí wọ́n sọ apá ibi tí ẹ máa gbá a sí. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ìgbà ooru jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ l'Ékòó. Wọn kò ní tíì sùn.